Márùn-ún Inú Bébà Onítọ́

Ọmọ mi ti ilé ìwé dé lánàá, ó fi itọ́ lẹ bébà kékeré kan pa, ó ní kí n mú nọ́ńbà kan sọ́kàn. Bí òórùn itọ́ yẹn ṣe kàn mí nímú, mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọ̀sán Sunday kan ni, ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Fate. Ọkùnrin tó ń wá àǹtí mi fẹ́ ń jẹ obì. Àǹtí ní òun ò tíì gbọ́ ohùn Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin yìí kọ nǹkan sí bébà, ó fi ahọ́n pípọ́n lá etí ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bébà náà ń yọ̀ bí ìgbín. Ó wá sọ fún àǹtí pé:

"Mú nọ́ńbà tó wù ẹ́ sọ́kàn. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Fi mẹ́wàá kún un. Pín in sí méjì. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Tó bá bá tinú bébà mu, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Márùn-ún," ni àǹtí wí.

Mo tú bébà náà. Márùn-ún ni.

Èmi náà ti mú mẹ́ta sọ́kàn. Mo pariwo: "Tèmi náà, márùn-ún ni!"

Ọkùnrin náà wò mí bíi pé kó gbá mi létí. Àmọ́ ìyá mi pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Ọmọdé gan-an ti jẹ́rìí sí i!"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé nọ́ńbà yòówù kéèyàn mú, ìdajì mẹ́wàá ló máa kù.

Lọ́jọ́ náà, àǹtí gba ẹ̀gbin yẹn lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó sì fi í sínú Bíbélì ẹ̀.