Ibòòji Tí Wọ́n Kà sí Ìdí Igi

Àṣìṣe kẹ̀? Salifou ọ̀rẹ́ mi, má sọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí mọ́. Kéèyàn fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn làṣìṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Ọmọlará, aránṣọ ni, ọmọ ìlú Sakin. Látìgbà tọ́kọ ẹ̀ ti kú, abẹ́ máńgòrò kan létí ọ̀nà ní Savè níbí ló ti ń ránṣọ. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹ̀ ti kọ́ ìrìn. Tóòrùn bá yí, á gbé ẹ̀rọ ẹ̀ tẹ̀ lé ibòòji, á máa bú àwọn oníbàárà tó sanra lẹ́yìn tó ti gé aṣọ wọn tán.

Lọ́dún tó kọjá, Romuald, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbí, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé fóònù pọ́tábù dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi igi ìlú sínú kátù, àwòrán ilẹ̀ ìlú, ká bá àwọn wọ̀n wọ́n. Kamarou aládùúgbò wa ta okùn yí ìdí igi tiẹ̀ ká. Ọmọlará ní ibòòji lòun máa wọ̀n ní tòun, láti etí kan dé èkejì.

"Ṣé ìdí igi ni mò ń jókòó lé ni?"

Mẹ́tà mẹ́wàá! Ó ń yan kiri.

Mo bi Romuald pé kí ló máa pe èyí, kí ló máa pe tọ̀hún. Ó ní, "Bàbá, fífẹ̀ ni gbogbo ẹ̀." Mo ní kó kọ "àyíká ìdí igi" sí ti Kamarou, kó kọ "fífẹ̀ ibòòji" sí tobìnrin yìí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, iléèwé wo lẹ lọ?"

Mi ò lọ ìkankan. Ojú ni mo ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń fẹ ọ̀nà dé. Wọ́n ní igi tí ìdí ẹ̀ bá fẹ̀ ju mẹ́tà méjì lọ, gbòǹgbò ẹ̀ á fọ́ ọ̀dà títì, gígé ni. Wọ́n wo kátù: fífẹ̀, mẹ́wàá. Ọmọlará sáré gbá igi náà mọ́ra, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì pàdé.

"Ẹ wo ọwọ́ mi! Ẹ wò ó!"

Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ohun tí kátù wí la máa ṣe."

Wọ́n gé e.

Inú oòrùn ló ti ń ránṣọ báyìí, ó fi páálí borí, kò bú ẹnì kankan mọ́. Romuald wá ń sọ kiri pé òun ti tún kátù ṣe, pé orúkọ méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Kátù ti gún! Igi ńkọ́?

Romuald, wá dúró níwájú obìnrin yìí lọ́sàn-án gangan. Ta ló gé igi ẹ̀? Dáhùn!