Fèrè Tó Ń Ké Bí Ọmọ Àparò

Òórùn ọparun tí irin gbígbóná ń jó ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Múṣín, nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Bàámi á ti jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa dá fèrè lu, èyí tí àwọn ọdẹ fi ń pe àparò. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti kọ́ ọ. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò le; ohùn rẹ̀ ló le. Ìda oyin ni wọ́n fi ń dín ihò rẹ̀ kù. Wọ́n á fọn ọ́n, wọ́n á tún dín in, títí àparò inú igbó á fi dáhùn. Èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ́tí.

Ọ̀kan wà tó ń ké bí ọmọ àparò tó sọnù. Tí àparò bá ti ń kó ọmọ kiri, Bàámi á fi ìyẹn há àjà, wọn ò ní yá ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá peni wá, òun ló ni àlejò."

Lọ́jọ́ kan tí Bàámi lọ gé ọparun, Bàbá Sítù, ọdẹ àdúgbò wa, yà sílé wa. "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní ìwọ náà mọ̀ ọ́n fọn. Àbí ẹnu lásán ni?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo gun àpótí, mo mú fèrè àjà, mo tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fọn ọ́n. Ìyá àparò sáré jáde, kò tiẹ̀ wo ọdẹ, iwájú mi ló dúró sí, ó ń wá ọmọ. Bàbá Sítù fi kùmọ̀ pa á. "O ṣé, ọmọ onífèrè." Wọ́n gbé ẹran wọn lọ. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú koríko, ohùn fèrè ọwọ́ mi gan-an.

Nígbà tí Bàámi dé, mo jẹ́wọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo pe ìyá wọn. Padà lọ pe àwọn náà."

Mo fọn ọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Mẹ́ta ló wá. A kó wọn sábẹ́ adìyẹ wa tó ń tọ́mọ. Méjì kú, ìkẹta dàgbà, ó fò lọ. Bàámi fi ìda dí fèrè náà pa, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú.

Mo ti dàgbà ju Bàámi ìgbà yẹn lọ báyìí. Èmi ọmọ ọjọ́sí fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n pè. Èmi òní, kí n tó pe ọmọ-ọmọ mi wọlé, màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara mi bóyá ohun tí mo fẹ́ fún un wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, n kì í pè é.