Ìyá Alásíá àti Ọkọ̀ Tó Dorí Àsíá Kodò

Ìyá Alásíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé kò lórúkọ, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti fi ogójì ọdún rán àsíá fún ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni a máa gba ipò orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òkè pátápátá ló ń gbé, ní ilé alájà mẹ́rin tó wà ní òpópónà tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí èbúté. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú elẹ́sẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Bó bá gbójú sókè lórí iṣẹ́ báyìí, gbogbo èbúté ló tẹ́ síwájú rẹ̀ bí ẹní.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, àjà kejì ilé náà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yìn Ìyá Alásíá ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òkun.

Ìlú náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n rí i pé òkè tó yọrí sínú omi ń gba ìjì dúró, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Àwọn oníyọ̀ tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń kan ọkọ̀ tẹ̀ lé àwọn oníyọ̀, àwọn tó ń rán ìgbòkun náà kó abẹ́rẹ́ wọn dé. Oníkálukú gbé èdè rẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ àti Ọlọ́run rẹ̀ dání. Ilé ìjọsìn mẹ́rin ló wà láàárín òpópónà wa àti ọjà ẹja, bí a bá sì ní ká ka èdè tí wọ́n fi ń ná ẹja lójúmọ́ kan, ìka ọwọ́ méjèèjì kò ní tó.

Ọmọ ogún ọdún ni Ìyá Alásíá nígbà tó bá ọkọ rẹ̀ dé láti ìgbèríko. Ọkọ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè ní èbúté. Wọn ò tí ì lo ọdún mẹ́ta tí ibà fi mú ọkùnrin náà lọ, ó sì fi ọmọbìnrin olóṣù márùn-ún sílẹ̀. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì jókòó lé e lórí, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà tó ń rán ìgbòkun, Bàbá Onígbòkun ni wọ́n ń pè é. Òkè òkun lòun náà ti wá, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jáde, ó wo ẹrù, ó wo ọmọ.

Ó ní, "Ìyàwó, ibo lò ń lọ?"

"Ilé ni, Bàbá."

"Ta ló wà nílé?"

Obìnrin náà ronú títí. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíì, yàrá tó gbé dàgbà sì ti di ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Ó ní, "Kò sí ẹnì kan, Bàbá."

"Ibi tí kò ti sí ẹnì kan lò ń pè nílé? Ṣé o mọ abẹ́rẹ́ dì mú?"

Ó mọ̀ ọ́n dì mú, àmọ́ kò ju kó fi lẹ aṣọ tó ya lọ. Bàbá ní ìyẹn náà tó. Ó bá a gbé ẹrù padà sókè, àjà mẹ́rin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni ó jókòó tì í nídìí iṣẹ́. Ó kọ́ ọ pé ìṣẹ́po àsíá gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí òwú rẹ̀ sì nípọn, torí afẹ́fẹ́ orí òkun kò mọ ọba, kò mọ ìjòyè, gbogbo aṣọ ló ń ya. Nígbà tí ọkọ̀ onígbòkun wá ń dín kù, àsíá ni wọ́n gbájú mọ́, torí kò sí ọkọ̀ tó lè wọ èbúté láìta ti orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Kò sígbà tí ọmọ rẹ̀ kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ní àjà kìíní á gbé e láàárọ̀, ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á gbà á lọ́sàn-án, ìyàwó kọ́sítọ́ọ̀mù ní àjà kẹta á gbà á nírọ̀lẹ́. Èdè àwọn obìnrin wọ̀nyí ò papọ̀. Bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ọmọ náà, á pe omi ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra, kó má baà sí ẹni tó máa sọ pé òun ò gbọ́. Ẹ̀rín á pa wọ́n. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ náà ti gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè wọn. Ó máa ń sọ ọ́ títí dòní pé, "Àwọn kan ń sọ pé ọmọ lèrè. Èmi ò jiyàn. Àmọ́ èèyàn laṣọ mi. Àwọn ará ilé yìí ni wọn ò jẹ́ kí n rìnhòòhò."

Bàbá Onígbòkun kú lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ó fi tábìlì, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìwé tí àwòrán gbogbo àsíá wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà dàgbà, ó di olùkọ́, ó lọ sílé ọkọ. Ìyá Alásíá ń ránṣọ nìṣó.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún díẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀ gan-an lọ́dún náà. Ọkọ̀ mẹ́fà ju ìdákọ̀ró sí ìta èbúté, wọ́n ń dúró de àyè. Ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ pupa kan, ti gbó, ìpẹtà ti bo ara rẹ̀, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá bá ń kọjá lọ́nà jíjìn, àwọn awakọ̀ inú ọkọ̀ gbígbó náà á máa ju ọwọ́. Ará ìlú wa fẹ́ràn àlejò. Àwọn náà á ju ọwọ́ padà, àwọn mìíràn á tún ju fìlà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, òjò dá díẹ̀. Ìyá Alásíá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó sì dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e wọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi àtẹ̀gùn, ó ké sí ìyá mi.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Wá bá mi fi ojú tìẹ wo nǹkan. Àsíá ọkọ̀ pupa yẹn, ìràwọ̀ ara rẹ̀, ṣé òkè ló wà ni àbí ìsàlẹ̀?"

Ìyá mi fojú sílẹ̀ dáadáa. "Ìsàlẹ̀ ni."

"Mo ti rán àsíá yẹn ju ọgbọ̀n lọ. Òkè ni ìràwọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Wọ́n ti dorí ẹ̀ kodò."

"Bóyá wọ́n kánjú ta á ni."

"Awakọ̀ òkun kì í kánjú ta àsíá, àbúrò mi. Bàbá Onígbòkun sọ fún mi pé bí o bá rí àsíá tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò lójú omi, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ń kígbe ni. Ẹnu ni wọn ò fi kígbe."

Ìyá mi gbé báàgì oògùn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì forí lé ọ́fíìsì èbúté. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ń dúró de àyè ni, kò sì sí ẹni tó fi rédíò sọ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ìyá Alásíá ní, "Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ẹ ti bi í bóyá ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

Akọ̀wé náà wò ó fìrí. Ó fa rédíò sún mọ́ra, ó pe ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Kò sí èsì. Ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó ní ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nídìí àtúnṣe, kò ní kúrò níbẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n òun á kọ̀wé sí ọ̀gá òun kíákíá.

"Máa kọ ọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Alásíá wí. "Kí n tó padà dé, wàá ti kọ ọ́ tán."

Atukọ̀ kan wà tó máa ń gbé èrò sọdá, Ẹ̀rín-kì-í-tán ni ìnagijẹ rẹ̀. Ìyá Alásíá ló máa ń bá a tún ìbòrí ọkọ̀ rẹ̀ rán. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ó ní kí àwọn èrò òun máà bínú, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé àgbá omi mẹ́rin sínú ọkọ̀. Àtìgbà tí Ìyá Alásíá ti ń ránṣọ fún ọkọ̀, kò wọ ọkọ̀ rí. Ẹ̀rù omi ń bà á. Ó di etí ìjókòó mú, ó dijú, ó ń gbàdúrà lábẹ́nú, ìyá mi sì di apá rẹ̀ kejì mú títí wọ́n fi dé ọ̀hún.

Ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ náà. Mànàmáná ti jó rédíò wọn. Ìjì ti gbé ọkọ̀ kékeré tí wọn ì bá fi wá sétí omi lọ, omi òkun sì ti dà sínú táńkì omi mímu wọn. Omi òjò tí wọ́n fi tapólì tó dọ̀tí gbà ni wọ́n ń mu, ó sì ti fún mẹ́ta nínú wọn ní ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀gá ọkọ̀ wà ní ìdùbúlẹ̀, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń juwọ́ yẹn, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń tọrọ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n dorí àsíá kodò ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́kọ́ lóye èyí. Alásè ọkọ̀ náà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, dúró létí ọkọ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní àsọtúnsọ. Ẹ̀rín-kì-í-tán bá a sọ èdè mẹ́ta, ọkùnrin náà kò gbọ́ ọ̀kankan. Ìyá Alásíá la ojú rẹ̀. Èdè ìyàwó oníbúrẹ́dì ni.

Ó ní, "Omi ni ó ń pè." Ó wá fi èdè yẹn náà dá a lóhùn pé, "Omi wà. Omi pọ̀."

Alásè náà jókòó sílẹ̀ gbì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Wọ́n fa àgbá kan lé e lọ́wọ́. Kó tó mu, ó kọ́kọ́ bu sí ife, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ọkọ̀.

Ìyá mi dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé. Wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, dókítà sì sọ pé ká ní ó tún pẹ́ ọjọ́ méjì sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Kò sí ẹnì kankan tó kú nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Ìlú pín àwọn ọkùnrin náà gbà lálejò bí ẹni pín ẹran. Àwọn tó gbọ́ èdè wọn mú wọn lọ sílé, àwọn tí kò gbọ́ náà mú, wọ́n ní ikùn kò lédè. Alásè wá sílé wa, oníbúrẹ́dì sì ní kó máa bá òun po ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ ìsinmi, Ìyá Alásíá á kó gbogbo wọn jáde, á fi ìlú hàn wọ́n. Ó mú wọn gun ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, àtẹ̀gùn ogóje. Ó mú wọn lọ síbi ògiri ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí àwọn awakọ̀ òkun fi ọ̀bẹ kọ orúkọ wọn sí láti ayébáyé, ní oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé. Ó ń sọ ìtàn àwọn apẹja, ti àwọn oníyọ̀, àti ti Bàbá Onígbòkun, oníbúrẹ́dì ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń bù mọ́ ọn.

Akọ̀wé ọ́fíìsì èbúté náà tẹ̀ lé wọn jáde lọ́sẹ̀ kẹta. Ìtìjú ṣì wà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rìn tán, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Alásíá.

Ó ní, "Mo ti ṣiṣẹ́ ọdún méje ní èbúté yìí, Màmá. Mi ò mọ ìdajì ohun tí ẹ sọ."

"Ìwọ ló jókòó ti rédíò. Èmi fèrèsé ni mo jókòó tì. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tútù."

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé yìí ló mú kí ọ́fíìsì wá bẹ Ìyá Alásíá pé kó máa fi ìlú han àwọn àlejò tó ń bá ọkọ̀ ńlá wá. Ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ nídìí abẹ́rẹ́ nígbà yẹn, iṣẹ́ tuntun náà sì bọ́ sí i lára.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ pupa náà máa lọ, ọ̀gá ọkọ̀ gun àjà mẹ́rin wá dúpẹ́. Ó ti rù. Ó bi Ìyá Alásíá pé kí ni òun lè fún un.

Ìyá Alásíá ní kó jókòó kó kọ́kọ́ mí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ìlú yìí ti fà mí jáde nínú omi kí n tó mọ̀ yín. Ẹ máà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nìkan. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kí wọn."

Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn wa náà. Èmi ni mo ṣí i.

Títí di ìsinsìnyí, lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Alásíá máa ń kó àlejò gba òpópónà wa. Bí wọ́n bá bi í pé ibo ló rẹwà jù ní ìlú, á mú wọn wọnú ilé wa, á ní kí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nínú yàrá wọn. Àwọn kan kì í tètè lóye ohun tí wọ́n wá wò. Ìyá mi máa ń ráhùn pé bàtà àlejò ti fẹ́ jẹ àtẹ̀gùn náà tán. Bó bá ti ráhùn tán, á gbé kẹ́tùlù kaná, á ka orí àwọn tó jókòó, á sì wá ife kún ife.