Kápẹ́ẹ̀tì Khavar Tí Kò Ṣeé Ṣẹ́ Po

Gbogbo ìlú Bijar ló ń hun kápẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì Khavar nìkan ló ń ba katakata jẹ́. Katakata kan gun ọ̀kan mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n sá a sí; kápẹ́ẹ̀tì ò mira, katakata ló dèrò ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni katakata, bó bá ṣì wà láyé.

Ọmọ ọdún méje ni Khavar nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sídìí òfì ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, iṣẹ́ ò parí síbi ká so kókó irun àgùntàn mọ́ òwú. Bí ìlà kan bá pé, wọn á fi òwú tútù há a láàárín, wọn á gbé òòyà onírin tó wúwo bí ọmọ ọlọ, wọn á máa fi lù ú gbì, gbì, gbì, títí ìlà náà á fi ki mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí Khavar bá ń lù, orí rẹ̀ náà á máa mì sókè sódò, bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń lù ú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nípọn ju ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rin ló fi hun ti Nazdar, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ yí òdòdó ká nínú rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún Effat, ìyá ọkọ ìyàwó, pé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni Nazdar máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ nílé ọkọ.

"Kò burú, àna mi," ni Effat wí. "Àmọ́ bí kò bá tíì délé wa kí wọ́n tó pèrun Àílà lọ́jọ́ náà, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tí mo rà ni mo máa tẹ́ o."

Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ! Ká ní wọ́n pe Khavar lólè, ì bá sàn fún un.

Ọjọ́ ìgbẹ́rù ìyàwó pé. Ọkùnrin mẹ́jọ ká kápẹ́ẹ̀tì náà bí ẹní, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, ó le gbagidi bí òpó ilé. Ó kù kí wọ́n yà sọ́tùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná kí wọ́n lè bọ́ sí àgbàlá. Kò yà. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ ṣáájú, kò yà. Wọ́n nà án ró, ó kan àjà.

Ilé ìdáná ọ̀hún ò sí níbẹ̀ nígbà tí Khavar gbé òfì kalẹ̀. Yadulla ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́dún kejì, tó fi táìlì búlúù bò ó láti òkè délẹ̀, tó ń mú àlejò wò ó bí ẹni bí ìbejì.

"Ẹ kúkú ṣẹ́ ẹ po sí méjì," Effat ké láti àgbàlá. "Ṣebí aṣọ ni."

"Aṣọ kẹ̀, àna mi!" Khavar fò dí wọn lọ́nà. "Bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán! Ẹ ṣẹ́ èmi po ná!"

"Tèmi ṣeé ṣẹ́ po ní tiẹ̀. Ó wọ àpò pàápàá."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Khavar kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Nazdar, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé ìdáná dí mi lọ́nà?"

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Mo wá bá ẹ nídìí òfì. Mo ní, 'Ìyá Nazdar, ṣé kí n kọ́ ọ síbí?' O mirí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó ìgbà ogún tóo mì í!"

"Yéè! Òòyà ni mò ń lù o, Bàbá Nazdar!"

Effat di ìhà mú. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹrù léjìká àwọn ọkùnrin mẹ́jọ. Àmọ́ oòrùn ti ń sún mọ́ àárín ọ̀run. Khavar wọlé, ó gbé òòyà onírin rẹ̀ jáde, ó dojú kọ ògiri. Gbì! Táìlì kan já bọ́.

"Ìyá Nazdar! Ṣé ilé ìdáná mi lo fẹ́ wó ni?"

Gbì, gbì, gbì. Orí Khavar ń mì sókè sódò.

Yadulla wo orí yẹn, ó wò ó títí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í níkùn. "Ó ti dá mi lóhùn," ó wí. "Ẹ gbé díígà wá fún mi."

Ògiri wó. Eruku sọ gbogbo wọn di funfun bí ẹni tó sùn sínú ìyẹ̀fun. Wọ́n sáré gbé ẹrù jáde sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò, níbi tí ilé Effat wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni eruku ti mú ọ̀kan nínú wọn sín. Háṣííì! Ẹrù bọ́.

Ó yí! Adìẹ fò, ológbò gun igi, bàrà oníbàrà fọ́ yángá sójú títì. Nazdar sá tẹ̀ lé e nínú aṣọ ìyàwó, bàtà lọ́wọ́, ó ń ké pé, "Ẹ yà o! Ẹrù mi ń bọ̀!" Kápẹ́ẹ̀tì já ilẹ̀kùn Effat sílẹ̀, okùn já, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ sáàárín ilé. Ẹja kan ò kúrò láyè rẹ̀. Ìgbà náà ni ládàánì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ha ọ̀fun láti pèrun.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń jó lórí rẹ̀, Khavar ló ṣáájú, ó ń ju áńkáṣì. Effat sún mọ́ ọn létí.

"Àna mi, ẹ ó hun ọ̀kan fún èmi náà, àbí?"

Orí Khavar ń mì sókè sódò. Inú Effat dùn, ó ti ń pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ. Yadulla, tí eruku ò tíì kúrò nírunmú rẹ̀, rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àna, ẹ jẹ́ kórin tán ná, kẹ́ ẹ wá tún bi í. Ẹ wo ilé ìdáná mi."