Ìtàn Tí Wọ́n Gbà Pé A Ti Kà

Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ tó kórìíra ìwé bíi ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ìwé kan báyìí ní Bódìjà. Gbọ̀ngán wọn tutù nini, ìwé kún ara ògiri, kò sì sí ọ̀kan tí ọwọ́ ti sọ di gbígbó níbẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọ̀sán Sátidé kan yẹ́ òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan sí, ògbólógbòó nínú àwọn tó ń kọ ìtàn kúkúrú. Wọ́n ní èmi ni n ó ka ìtàn rẹ̀ kan sí àwùjọ létí.

Torí ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe gbà. Tíṣà tó kọ́ wa ní girama ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin yẹn lẹ́nu wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí oorun bá ń kùn wá, wọ́n á ka ọ̀kan tó kúrú débi pé ẹ̀wà ò lè jinná kó tó parí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti obìnrin kan tó ń dúró de àbúrò rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òǹkọ̀wé náà ò sọ níbì kankan pé inú obìnrin yìí bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ ká máa wò ó bó ṣe ń bọ́ bàtà, tó tún ń wọ̀ ọ́. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó mọ ìtàn kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú Tíṣà ti fọ́ báyìí. Fóònù máa ń kàwé fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti mí. Wọ́n ní kí àwọn tó kú, àwọn fẹ́ gbọ́ ti obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́nu èèyàn. Nígbà tí mo lọ gbé wọn nílé wọn ní àdúgbò Challenge, wọ́n ti wọ kóòtù, wọ́n ti kun bàtà, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Àdúrà la fi bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ bẹ Ọlọ́run kó tu ìdílé tí òǹkọ̀wé náà fi sáyé lọ nínú, bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé náà ti kú kí wọ́n tó bí bàbá pásítọ̀. Gbogbo wa ṣe àmín. Wọ́n wá ka ìtàn ìgbésí ayé alága látòkè délẹ̀, láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dórí oyè. Alága dìde, ó ní òun fẹ́ràn òǹkọ̀wé yìí gan-an, pàápàá àwọn ewì rẹ̀. Ọkùnrin náà ò kọ ewì rí. Olùkọ́ yunifásítì kan tẹ̀ lé e, ó sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè títí ẹnu fi ń gbẹ èmi tí mò ń gbọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìgbà tó kàn mí, atọ́kùn ètò wo aago.

"Nítorí àkókò," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gbà pé a ti ka ìtàn náà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ nawọ́, ó ní òun kín in lẹ́yìn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìrẹsì.

Tíṣà fọwọ́ kàn mí.

"Ọmọ mi, ṣé mo sùn lọ ni?"

"Rárá, sà."

"Wọ́n ti kà á?"

"Wọn ò kà á, sà."

"Kí ni wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn níbi tá a jókòó sí. Mi ò tíì kà jìnnà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi dé, tó ní kí n jọ̀ọ́ rẹ ohùn sílẹ̀, pé àwọn fẹ́ ya fọ́tò. Mo gbé ohùn sókè. Omi ń dà lójú Tíṣà, akọ̀wé sì ń bẹ alága pé kó rẹ́rìn-ín.