Àwa Méjì Tí Wọ́n Kọ̀ Sílẹ̀

Òórùn ọṣẹ ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé gbọ̀ngán wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ló wà lẹ́yìn ògiri, bí wọ́n bá sì ti ń sè é lọ́sàn-án, òórùn náà á gba abẹ́ páànù wọlé, á dà pọ̀ mọ́ òógùn wa. A kì í tan fáànù, a kì í ṣí fèrèsé, nítorí badimíntìn là ń gbá, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti gbé ìyẹ́ tí à ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá ṣìnà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Àtàn la jọ máa ń dúró, àwa méjì sí ẹni méjì. Ó dá mi lójú nígbà náà pé kò sí ohun tó lè yà wá.

Orúnkún ọ̀tún mi ló yà wá. Mo ṣubú níbi ìdánrawò, ó wú, mo sì jókòó sílé títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ tí mo tiro lọ wòran, mo bá ọ̀rẹ́ mi níwájú kóòṣì tó ń kọ́ wa. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun.

“Ẹ fún mi ní ẹlòmíràn, sà. Arọ ò lè bá mi ṣe é.”

Arọ! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, mo sì ń bọ́ ọ lójoojúmọ́ bí ẹni ń sin ajá.

Ìgbà tí orúnkún náà ń san ni ọmọbìnrin Japan kan dé sáàárín wa. Iléeṣẹ́ ẹ̀rọ kan nítòsí ló gbé bàbá rẹ̀ wá, ó sì tẹ̀lé e. Ó kéré sí mi, ó kúrú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbá ìyẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo gbọ̀ngán yíjú sí i. Láti kékeré ló ti ń gbá a; ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Èdè Òyìnbó àwa méjèèjì ń kọsẹ̀, síbẹ̀ mo bi í pé kí ló dé tó fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹnì kejì mi ló lé mi,” ó ní. “Ó wá ẹni tó ga jù mí lọ.”

Mo sọ tèmi fún un. Kò káàánú mi rárá. Ó kàn na rákẹ́ẹ̀tì mi sí mi: “Àǹtí, ó yá.” Èmi ni mo kọ́ ọ ní “àǹtí” yẹn. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti òun ti jọ ń dúró.

Àwọn àgbà ní ká fi ẹ̀san fún Ọlọ́run. Èmi ò fi tèmi sílẹ̀. Bí orúnkún bá ti ń ta mí, ojú ọ̀rẹ́ mi ni mò ń rí lókè nẹ́ẹ̀tì, n ó sì tún sáré.

Ní Abẹ́òkúta, níbi àṣekágbá ìdíje ẹlẹ́ni méjì-méjì, ọ̀rẹ́ mi àti ẹnì kejì rẹ̀ tuntun ló dúró níwájú wa. Ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́: “Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ni kó o máa gbá a sí!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Orúnkún ń jó mi bí iná, wọ́n sì gba ìpele àkọ́kọ́.

Ọmọ Japan náà sún mọ́ mi. “Àǹtí, ibì kan náà ni wọ́n ń gbá a sí. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀.”

Ó dúró síbẹ̀. Gbogbo ìyẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ mi, ó ti ń dúró dè é, á sì dá a padà fún ọ̀rẹ́ mi. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń pariwo mọ́ra wọn. Èyí tó kẹ́yìn gòkè lọ, ó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì dúró nítòsí nẹ́ẹ̀tì láìní ibi tí yóò sá sí. Àyè ṣófo lápá òsì. Mi ò wo apá òsì. Mo gbá a mọ́ ọn láyà.

Nígbà tí a ti borí, tí a ń bọwọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́. Mo ní, “Arọ ń kí ẹ o.”

Ọmọ Japan náà padà sílé lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà á padà. Mo wo eré rẹ̀ lórí fóònù ní Ìyànà Ìyẹsí, lọ́jọ́ tó pàdé ẹni tó lé e. Wọ́n borí rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo pè é.

“Ṣé kò dùn ẹ́ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, mo ti nà án ní Abẹ́òkúta.”

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹni méjì ni mo gbá ìyẹ́ yẹn mọ́ láyà lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀san kì í yó ènìyàn. Bóyá ẹni tó bá dá jẹ ẹ́ ni. Àwa jọ jẹ tiwa, ó sì yó wa.