Okùn Tí Mo So Mọ́ Ẹsẹ̀ Ẹṣin Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn kọjá ní ọjà Ìpàta, tí òórùn ewé ẹ̀pà gbígbẹ bá kọlù mí nímú, àyà mi máa ń kọ́kọ́ já ná kí n tó rántí pé kò sí nǹkan kan. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ni, ní ọdún tí wọ́n mú ẹṣin pupa nì wá sílé. Ewé ẹ̀pà, ìgbẹ́ ẹṣin, awọ gàárì tí Bàbá mi fi òróró pa, gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìwọ tí a jọ lọ sí ilé kéú mọ̀ pé ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí, ṣùgbọ́n irú èyí tó bà mí lọ́dún yẹn, mi ò rí i rí.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá ní eegun ẹ̀yìn. Dókítà kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tó bá máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kó jìnnà sí i, nítorí bí ibi tí wọ́n tún ṣe náà bá yẹ̀, ó lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. A rò pé ọ̀rọ̀ ẹṣin parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ayé bàbá tó bí i ni ilé wa ti ń gun ẹṣin tẹ̀lé Ọba nígbà ọdún Iléyá, ọdún méjì gbáko sì ni Bàbá ti fi jókòó sórí àga nílé, tó ń gbọ́ ìró fèrè kàkàkí Ọba láti òkèèrè. Lọ́dún kẹta, ó ní òun máa gùn.

"Dókítà ní ohun tó ń gbọ̀n ni," ó wí. "Kò dárúkọ ẹṣin."

"Èwo wá ni ẹṣin tí kì í gbọ̀n?" ìyá mi dá a lóhùn. "Ṣé èyí tí wọ́n yà sára ògiri ni?"

Ẹṣin tí kì í gbọ̀n wà lóòótọ́. Àgbàlagbà Fúlàní kan ti ń bá wa tọ́jú ẹṣin láti kékeré mi, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni a máa ń pè é. Òun ló lọ wá a. Ó ní ìran ẹṣin náà ti apá Bọ̀rnú wá, àti pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti ń wá irú rẹ̀, torí pé ẹni tó máa wà lórí ẹṣin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kì í wá eré, ìrìn ló ń wá. Kò ga púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, àyà rẹ̀ kò fẹ̀, pátákò rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ní sùúrù. Ìrìn rẹ̀ gan-an ni àrà. Bí àwọn ẹṣin yòókù bá ń sáré díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì ló máa ń balẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló sì ń sọ ẹni sókè sódò lórí gàárì. Ti èyí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún á balẹ̀, iwájú ọ̀tún á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà iwájú òsì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ kàn máa ń fì díẹ̀ ni. Bàbá Ẹlẹ́ṣin gùn ún yí ilé wa ká, ó gbé igbá omi tó kún dẹ́nu dání, bí wọ́n ṣe máa ń dán irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wò, ó sì gbé omi náà fún ìyá mi, ẹ̀kán kan kò dà. Ìyá mi wo igbá, ó wo ẹṣin, ó ní, "Ó dáa. Kó máa gùn ún."

Mo bi Bàbá Ẹlẹ́ṣin bí wọ́n ṣe kọ́ ẹṣin náà. Ó ní àwọn ẹṣin mìíràn, okùn ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: wọ́n á so ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ní apá kan náà pọ̀, títí yóò fi mọ́ wọn lára. "Èyí, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn."

Ó yẹ kí n fi etí sí gbólóhùn yẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Iléyá pé ni ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá àti ẹṣin náà lójú títì. Ẹṣin ta gìrì, ìrìn rẹ̀ dàrú, ó sì sọ Bàbá sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rọlẹ̀. "Kò sí nǹkan kan," Bàbá wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí, òógùn sì bo ètè rẹ̀ lókè. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, ìbọn tí wọ́n ń yìn nígbà ọdún ni mo ń gbọ́ létí. Bí fèrè ọkọ̀ bá lè ṣe èyí, kí ni ìbọn máa ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ẹlẹ́ṣin lọ kí ìbátan rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Málétè. Mo mú okùn. Mo ṣe Bìsímílà, mo sì so ẹsẹ̀ ẹṣin náà pọ̀, apá ọ̀tún, apá òsì, kí ìrìn náà lè dá mi lójú. Mo fà á yí ẹ̀yìnkùlé ká títí àsìkò àlàásárì fi tó. Ó fi orúnkún balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo tú u, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, ibi tí okùn ti fà á sì ti bó. Èyí tó burú jù ni pé ó gbàgbé bó ṣe ń rìn. Ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, mo ti ba ẹṣin yín jẹ́."

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ta ló fún un ní ìrìn yẹn?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"Ṣé Ó wá ránṣẹ́ sí ọ pé okùn ló kù?"

Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́ṣin dé, kò tilẹ̀ wò mí, ẹsẹ̀ ẹṣin ló kọ́kọ́ fọwọ́ pa. "Háà, Tíṣà! Àwọn ọmọ iléèwé ò tó ọ kọ́ mọ́? Ẹni tó mọ ìrìn jù ọ́ lọ lo wá ń kọ́?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kò gbàgbé. Okùn tí kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ ló ń bẹ̀rù."

Omi tútù la ń dà sí i lẹ́sẹ̀ láràárọ̀, èmi ni mo sì ń fà á rìn lórí ilẹ̀ rírọ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló nira jù. Nígbà tí Iléyá fi máa ku ọ̀la, wíwú náà ti lọ, egbò ti gbẹ, Bàbá Ẹlẹ́ṣin sì tún gbé igbá omi gùn ún. Omi dà díẹ̀. Bàbá ní, "Díẹ̀ ni," ó sì lọ na agbádá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lọ́jọ́ Iléyá, ọwọ́ mi lórí gàárì, tí mo ń ka gbogbo àdúà tí wọ́n kọ́ wa. Ìbọn àkọ́kọ́ dún. Ẹṣin ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dàrú. Mo na ọwọ́ sí ìjánu. "Fi í sílẹ̀," Bàbá wí pẹ̀lẹ́. Kò fa nǹkan kan, ó kàn fi ọwọ́ ra ọrùn ẹṣin. Ẹṣin gbé orí sókè, mo sì gbọ́ ìró pátákò rẹ̀ lórí títì ọlọ́dà: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ìbọn kejì dún, ìrìn náà kò yí padà. Nígbà tí a délé, Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí bútà wà, ó ṣe àlùwàlá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ọdún mi.

Ó gun ẹṣin náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kó tó fi gàárì lé mi lọ́wọ́. Alihamudulilahi, ó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń rìn. Okùn nì sì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ kéú, ó sì ń ka á geere, ó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kàkà kí n dúpẹ́, ẹ̀rù tún bà mí pé ó lè dúró lójú ọ̀nà. Mo ń sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ wá àlùfáà kejì tí yóò máa kọ́ ọ nílé lẹ́yìn tó bá ti kéú dé.

Ìyá mi kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà. Ó kàn fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ júwe okùn tó wà lórí ìṣó.